Ẹ̀bẹ̀ Bàbá Ọlágúnjú

Ògbufọ̀ ni mí. Bí ọmọ Yorùbá bá ní ọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ ní Prince George's County, ní Amẹ́ríkà níbí, tí ẹni tó wá dúró fún un ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, èmi Ẹniafẹ́ ni wọ́n ń pè. Òfin iṣẹ́ náà ò gùn: ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o sọ, má fi tìẹ kún un. Àwọn tó mọ̀ mí ní Adelphi tí mò ń gbé á rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ èyí, torí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan, Ọmọ́jọlá, ni wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ó fa ìbòrí ọmọ Mùsùlùmí kan, Inaayah, já níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Kámẹ́rà ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìbòrí náà. Nọ́ọ̀sì ni Bísọ́lá ìyá rẹ̀, kò rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù, ló bá bẹ bàbá tó bí i pé kí wọ́n lọ dúró fún òun. Bàbá Ọlágúnjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé ni. Wọ́n wọ kóòtù òtútù lé bùbá, wọ́n sì dé fìlà.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jókòó, ó ń wo aago. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Zoe wà. Ọ́fíìsì tirẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ county ló ń rí sí i pé wọn ò fi ẹ̀sìn, àwọ̀ tàbí ibi tí ọmọ ti wá rẹ́ ọmọ kankan jẹ. Ká sòótọ́, mi ò ka irú wọn sí. Èyí tí mo ti bá pàdé, kò ju kí wọ́n mi orí, kí wọ́n mu kọfí, kí wọ́n máa lọ.

Ọ̀gá ò tíì ka ẹ̀sùn náà tán tí Bàbá fi ṣí fìlà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ dákun, ẹ forí jì í. Ọmọdé ni. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, inú mi sì bàjẹ́. Láàárín tiwa, bí wọ́n bá ti ní ọmọ ẹni pa ọmọ ẹlòmíràn lẹ́kún, àgbà á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, ilé ló ti máa bi ọmọ tiẹ̀ léèrè. Níbí, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹbí ti gbà pé ó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ síbẹ̀."

Ọmọ́jọlá tẹjú mọ́lẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Zoe ní rárá. Ó bẹ Bàbá kí wọ́n dìde jókòó, ó wá bi wọ́n pé, "Kí ni Ọmọ́jọlá ṣe tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀?"

Bàbá wojú mi bíi pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀. "Mi ò mọ̀. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ sunkún. Ṣé a kì í bẹ̀bẹ̀ ni?"

Zoe yíjú sí ọmọ náà. "Ta ló ti bi ẹ́ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Ọmọ́jọlá dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. "Fọ́tò ni wọ́n kàn fi hàn mí. Àwọn ọmọkùnrin kan ló fà á já. Gbogbo èèyàn ń wo irun rẹ̀, ó ń sunkún. Mo bá a dì í padà ni."

"Inaayah ńkọ́? Ta ló bi òun?"

Ọ̀gá tún wo aago. Ó ní òun ní ìpàdé mìíràn. Zoe dìde bíi pé kò gbọ́, ó pe ìyá Inaayah lórí fóònù kó lè gbàyè láti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì jáde lọ bá ọmọ náà. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tí obìnrin yìí bá, wọn ò tiẹ̀ tíì gbọ́ tẹnì kankan.

"Ṣé wọ́n bínú ni?" ni Bàbá bi mí. Mo pa ẹnu mi mọ́, ó sì nira fún mi gan-an.

Nígbà tí Zoe padà dé, kò pariwo. Ó ní Ọmọ́jọlá nìkan ló ran Inaayah lọ́wọ́, Inaayah sì ti ń béèrè ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí Ọmọ́jọlá wá sí kíláàsì mọ́. Ẹ̀sùn náà ti parẹ́. Ọmọ́jọlá á padà sí kíláàsì lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fa ìbòrí ọmọ ọlọ́mọ já ló kù, pẹ̀lú ìdí tí wọn ò fi bi ọmọ méjèèjì léèrè, òun á sì wádìí ẹ̀ débi tó bá parí sí.

Ẹnu yà mí débi pé mo gbàgbé láti túmọ̀, àfi ìgbà tí Bàbá fọwọ́ kàn mí. Ọmọ tí àwa èèyàn rẹ̀ ti fi ẹ̀bẹ̀ fà lé wọn lọ́wọ́, àjèjì ló gbà á sílẹ̀. Mi ò rí irú agbára bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹni tí kò gbóhùn sókè.

Ọ̀gá bẹ Ọmọ́jọlá pé kó má bínú. Bàbá yára ní, "Ó ti tó, ó ti tó. Ọ̀gá kì í bẹ ọmọdé."

"Ọmọ́jọlá," ni Zoe wí, "ṣé ó tó?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Yorùbá ló fi sọ ọ́, àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kò tíì tó. Grandpa mi ni kí wọ́n bẹ̀. Àwọn ni wọ́n dọ̀bálẹ̀."

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá dìde lórí àga rẹ̀, ó tẹrí ba fún Bàbá, ó sì bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.