Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Rẹ́rìn-ín

Gbogbo yàrá náà bú sẹ́rìn-ín, àfi èèyàn méjì.

Ọ̀kan ni aránṣọ kan, obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ti eyín bọ ètè, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ọrùn mú bí ẹni tí orí fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga ti tán. Òun náà di ẹ̀yìn ọrùn mú. Láàárín gbogbo eyín funfun tó ṣí sílẹ̀ nínú ilé ìwòsàn náà, ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Kò rí ọkùnrin náà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tó mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Bàbá aránṣọ ló fa ẹ̀rín náà. Awakọ̀ ẹrù ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn aláìsàn ti jókòó pẹ́, ìjókòó ti sú wọn, ẹnì kan wá bi bàbá léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe rí, bàbá sì gbàgbé ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọkùnrin kan tó ra àgbò, tó ní àgbò òun kò ní bá àpò sìmẹ́ǹtì jókòó sẹ́yìn, àfi iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró. Ọlọ́pàá yọrí lójú fèrèsé, ó rí irùngbọ̀n, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Kí lẹ kó sẹ́yìn?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú. Ibẹ̀ náà ni bàbá ti bojú wẹ̀yìn tó rí ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn.

"Kí wá ni àgbò fèsì, Bàbá?" ìyá kan béèrè.

"Mo ti gbàgbé," ni bàbá wí. Irọ́ ni. Kò gbàgbé àwàdà kankan rí.

Nílé wọn, wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Bẹ́ẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni bàbá ń pe ọmọ náà láti kékeré, nítorí pé bí wọ́n bá dá àpárá ní ojúlé kẹta, ẹ̀rín tirẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan wá, bó bá rẹ́rìn-ín, bó bá wúkọ́, bó bá tẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ìrora á gbéra láti ẹ̀yìn ọrùn, á gun orí lọ bí iná tó rí koríko gbígbẹ, á sì lọ jókòó sẹ́yìn ojú bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìyá rẹ̀ pa rédíò. Bàbá rẹ̀ jáwọ́ nínú àwàdà bí ẹni jáwọ́ nínú ọtí. Bí àlejò bá dé, ìyá á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé kó jọ̀ọ́, kó má pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Kò síbi tí wọn ò dé. Ó lo oògùn ẹ̀fọ́rí títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Wọ́n ra awò ojú fún un. Wọ́n yọ eyín tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há. Ó fi aṣọ di orí pinpin, ó ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan, ẹ̀fọ́rí kò gbọ́. Gbogbo dókítà ló sì ń bi í léèrè ibi tó ti ń dùn ún àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ fún ọ̀kankan pé ẹ̀rín ló ń fà á. Ojú ń tì í ni. Ta ni yóò wo dókítà lójú, kó ní ẹ̀rín ló fẹ́ pa òun? Dókítà á rẹ́rìn-ín ni.

Ikọ́ ló tú àṣírí. Ó wúkọ́ níwájú dókítà obìnrin kan, ó di ọrùn mú, omijé bọ́. Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀, ó ní kó tún wúkọ́. Wọ́n wá ya àwòrán inú orí rẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, kì í ṣe àìsàn tó kó: apá ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ yọ̀ gba ihò ìdí agbárí wọ inú ọrùn, ó sì dí ihò náà bí ìdérí ìgò. Bó bá rẹ́rìn-ín, ipá ẹ̀rín náà kì í ríbi gbà. Dókítà kọ lẹ́tà sí oníṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n gé egungun díẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ọpọlọ lè ráyè.

Ìyá rẹ̀ ní òun kò bímọ kí wọ́n wá la orí rẹ̀ bí àgbọn. Bàbá ló gba lẹ́tà náà, tó fi í sí àpò àyà rẹ̀. Wọ́n ti wá sí ilé ìwòsàn yìí rí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè lẹ́tà, bàbá ní àwọn gbàgbé rẹ̀ sílé. Ọmọ mọ̀ pé ó wà lápò. Ó dákẹ́, nítorí ẹ̀rù ń ba òun náà.

Aṣọ ìyàwó kan ló dá wọn padà wá. Aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí pákó nínípọn, kó lè máa ránṣọ lóòró láìtẹ orí ba. Níbi tó ti ń rán ọrùn aṣọ funfun náà ló ti rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá káàkiri, àṣé abẹ́rẹ́ ti gún ìka òun fúnra rẹ̀ kọjá. Kò dùn ún rárá. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bó bá pẹ́, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó jókòó ti aṣọ ìyàwó náà, ó sunkún jẹ́jẹ́, nítorí pé ẹkún kíkan náà máa ń fa ẹ̀fọ́rí.

Bàbá dìde nísinsìnyí, ó ní òun ń lọ wá omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà tọrọ gáfárà, ó sì jókòó sórí àga náà. Ó ní káfíńtà lòun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ má bínú," ó rọra wí. "Bẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ọrùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àbí?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. "Ta ló sọ fún yín?"

Káfíńtà kọ ẹ̀yìn sí i. Àpá kan tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti inú irun wá sí ọrùn rẹ̀, ó gún régé bí ojú ìránṣọ. Aránṣọ gbàgbé ìtìjú, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Ẹni tó rán an mọṣẹ́," ó ní.

"Òun ni mo wá rí lónìí. Mo máa bá yín kí i."

Aránṣọ béèrè bóyá ẹ̀rù kò bà á. Káfíńtà ní ẹ̀rù ba òun débi pé òun sá lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Aṣọ ilé ìwòsàn tí kò lẹ́yìn yẹn lòun wọ̀ dé ẹnu géètì, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló sáré fi gèlè bo òun nídìí. Ẹ̀rín ru sókè láyà aránṣọ. Ó gbé e mì bí oògùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n mọ̀."

"Ṣé ó wá lọ tán?"

Káfíńtà wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ní kò lọ tán. Bí òtútù bá mú, ọrùn òun máa ń gan. Ìka méjì tó ti kú kò jí padà, torí òun pẹ́ kóun tó gbà. Ṣùgbọ́n ìrora tí ẹ̀rín ń fà, ìyẹn ti lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ò wá bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Káfíńtà fọwọ́ kan àpá rẹ̀. "Ara mi ni kò tíì gbà á gbọ́. Mo ṣì máa ń di ọrùn mú kí n tó rántí. Mo rò pé mo nílò ẹni tá a jọ máa kọ́ ọ padà."

Etí aránṣọ gbóná. Ẹnu káfíńtà yìí mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìka méjì tí kò jí yẹn ni kò lè gbójú kúrò lára wọn.

Nọ́ọ̀sì yọjú nídìí tábìlì, ó ní kí àwọn tó ní lẹ́tà tuntun mú un wá. Bàbá ti ń bọ̀ pẹ̀lú omi. Káfíńtà dìde fún un, ó kí i, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàámi," ni ọmọ wí, "ẹ fún mi ní lẹ́tà yẹn."

Bàbá fọwọ́ bo àpò àyà rẹ̀. "Tí nǹkan bá lọ ṣe ọ́ ńkọ́?"

"Nǹkan ti ń ṣe mí, Bàámi." Ó na ìka tí wọ́n fi báńdéèjì wé sí i.

Bàbá wo ìka náà. "Kò sí ọ̀nà burúkú tí mi ò wakọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo di sítíárìn mú. Èyí, ẹlòmíì ló máa wà á, Ẹlẹ́rìn-ín."

"Kẹ́ ẹ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bíi ti àgbò."

Ohùn kan jáde lẹ́nu bàbá, kò hàn bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ẹ̀rín ọmọ náà kọ̀, kò gba ìgbémì mọ́; ó já díẹ̀, ìrora sì gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń gun orí bọ̀. Ojú rẹ̀ ṣú. Bàbá rí i. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa lẹ́tà náà yọ, ó ti rí wúruwùru, ó sì ti gbóná láyà rẹ̀.

Aránṣọ fi ọwọ́ kan di ọrùn mú, ó fi èkejì di lẹ́tà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la àárín àwọn èèyàn kọjá, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀.

"Bàbá," ìyá ẹ̀ẹ̀kan yẹn tún béèrè lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ ẹ̀ tíì rántí èsì àgbò yẹn?"

"Mo rántí," bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó lẹ́ni tí mo fi pamọ́ fún. Ẹ jẹ́ kó ti yàrá iṣẹ́ abẹ jáde ná."

Aránṣọ dé ìdí tábìlì. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́, aránṣọ sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.