Ẹja Kì í Gbé Báàgì

Ta ló ní eré lásán ni? Kó wá bi mí. Èmi Sàídátù, díẹ̀ ló kù kí n bá eré lọ sọ́run ní Bódìjà, lọ́sàn-án gangan.

Ọdún 1996 ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lásán. Ni Olúsọjí bá gbé eré kan kalẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀: òun á máa sọ ìtàn, èmi àti Wándé á máa sọ ohun tí a ṣe nínú ìtàn náà, dáìsì lúdò á wá pinnu bóyá ó ṣeé ṣe. Agbára ìparadà ni mo mú. Mo di àṣá, mo di ẹkùn, mo ń lu àwọn ọ̀tá bí ẹni lu bàrà. Inú bí Wándé. Ó ní bí mo bá lè di ohun gbogbo lọ́fẹ̀ẹ́, kí wá ni ìwúlò idà òun?

Olúsọjí bá ṣòfin: ẹni tó bá paradà kò gbọdọ̀ fọhùn, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù. Ó ní ká má fi ẹnu lásán ṣe é. Mo gbé báàgì mi fún un, ó tì í sábẹ́ àga. Oògùn mi wà nínú rẹ̀, ike kékeré kan tí mo máa ń fọ́n sẹ́nu. Ikọ́ fée ló ń ṣe mí, wọn ò sì mọ̀. Màmá mi ti fà mí létí: "Má sọ fún ẹnikẹ́ni títí wàá fi délé ọkọ." Olúsọjí yìí gan-an sì ni ọkọ tí mò ń rò lọ́kàn. Ẹ ò rí wàhálà!

Mo di ẹja nínú odò Ẹlẹ́yẹlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń sun pàǹtí nílé kejì, èéfín gba ojú fèrèsé wọlé. Àyà mi fún. Mo ní ó máa lọ. Kò lọ.

"Àwọn apẹja ti fi àwọ̀n wọ́ ẹ jáde," Olúsọjí wí. "Orí ilẹ̀ gbígbẹ lo wà báyìí."

Mo la ẹnu, atẹ́gùn ò wọlé. Mo ń lu tábìlì. Wándé pàtẹ́wọ́.

"Háà, ó mọ̀ ọ́n ṣe o! Ẹ wo bó ṣe ń mí!"

Mo fẹ́ sọ pé mò ń kú lọ, ohùn ò jáde. Ojú mi ń ṣú. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí kò bà mí rí láyé mi, torí mo rí i pé ẹ̀rín ni wọn ó máa rín títí màá fi kú.

Mo fàyà wọ́ lọ sídìí àga. Olúsọjí gbé báàgì sókè.

"Rárá o! Ẹja kì í gbé báàgì."

Mo gé e jẹ. Mo ki eyín bọ ọwọ́ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó kígbe, báàgì já bọ́. Mo tú u, mo rí ike náà, mo fọ́n ọn sẹ́nu, mo tún fọ́n ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí padà. Alihamudulilahi! Omijé ń dà lójú mi.

"Sàídátù, kí nìyẹn?" Wándé bi mí.

"Ikọ́ fée ni."

Mo ń retí kí Olúsọjí ní kí n pẹ̀lẹ́. Ó wo ojú eyín mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún nù ún.

"Ṣé kì í ràn?"

Kì í ràn. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká.

"Ó ń ràn," mo dá a lóhùn. "Ó ti ràn ẹ́. Lọ sọ fún ìyá ẹ."