Kábúrétọ̀ Bàámi àti Ọ̀nà Òkè

...tàbí kí n tún yí síkúrúù kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ yìí díẹ̀ sí i? Díẹ̀ péré. Rárá o. Bí mo bá dín epo rẹ̀ kù jù, ẹ́ńjìnì á gbóná, á sì dákú sójú ọ̀nà òkè. Bí mi ò bá sì dín in kù... Afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́. Epo tó tó ọkọ̀ nísàlẹ̀ níbí, àpọ̀jù ni lókè. Èéfín dúdú, ikọ́, ó parí. Ta ni ò mọ ìyẹn? Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Mo fi ẹnu rọ́bà oníhò gígùn kan sétí, mo ki ẹnu rẹ̀ kejì bọ kábúrétọ̀ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì. Ṣùùù. Mo gbé e lọ sí ìkejì. Ṣùùù. Ọgbọọgba ni wọ́n ń mí. Bí Bàámi ṣe kọ́ mi nìyẹn — má fojú wò ó, gbọ́ ọ. Ọkọ̀ wọn ni. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi kú. Ibi tí síkúrúù yìí wà, ọwọ́ wọn ló fi í síbẹ̀. Bóyá ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ká sọ pé ìyẹn ni.

Màámi ti jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè dírẹ́bà. Àpótí wọn àti maṣíìnì ìránṣọ wọn wà lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ni wọ́n ń lọ lórí òkè, wọ́n fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Mo ní ká wọ mọ́tò akérò. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí ló gbé àwọn sọ̀kalẹ̀ wá sílé ọkọ, òun náà ló máa gbé àwọn padà. Wọn ò bá mi jà. Màámi kì í bá èèyàn jà, wọ́n kàn máa ń jókòó ni. Wá gbé wọn dìde!

Níjẹta, mo ní jẹ́ẹ̀tì ló ń dà á láàmú, idẹ kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí oníhò tóóró. Lánàá, mo ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo yọ ọ́, mo nù ún... kò dọ̀tí. Ọkọ̀ oníṣègùn eyín tó gòkè lọ́jọ́sí ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí tiẹ̀, mo ní kó máa lọ.

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọkọ̀ yìí ò ní àrùn kankan. Èmi ni mò ń wá àrùn fún un. Torí bí mo bá gbé wọn gòkè, èmi nìkan ni màá sọ̀kalẹ̀. Ta ni màá máa kí láàárọ̀? Ta ló máa bi mí bóyá mo ti jẹun? Irun funfun ti kún orí mi, mo wá ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú.

Lánàá, nígbà tí Màámi gba sukudiráfà lọ́wọ́ mi pé kí n wá jẹun... kí ni wọ́n sọ? Mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń bá wí. "Kò wu èmi náà, ọmọ mi."

Kì í ṣe oúnjẹ, ìlọ yìí ni. Wọ́n mọ̀. Àṣé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ọkọ̀ ti ṣe tán. Wọ́n kàn jókòó dè mí níbẹ̀ ni, kí n lè sunkún tán.