Kóńgò Mẹ́wàá

Ẹ̀jẹ̀ ti ta sí fúláwà. Mo ń gbọ̀n ọ́n dànù, kò lọ... jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ta ló rán an? Mo fẹ́ kí orí náà máa ro ó dọ̀la. Mo fẹ́ kó — rárá, n kò ní kó kú. Kó ṣáà jẹ́wọ́. Kí Ìyá Ṣọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, jẹ́wọ́ pé òun ló da fúláwà kún èyí tí mo wọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi igi tí mo fi ń tẹ́ búrẹ́dì gbá a lórí. Ọwọ́ mi ṣì ń wá èkejì. Ó wà níta lórí bẹ́ǹṣì, ó fi gèlè di orí. Olúmúyìwá ọkọ mi ti sáré lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọsibítù.

Búrẹ́dì ìkórè tí mo ṣe! Lánàá, níwájú gbogbo ìjọ, ọ̀bẹ kọ̀, kò wọlé. Àwọn kọ́áyà ń rẹ́rìn-ín. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ta ni?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi máa ṣe é látìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kú. Kóńgò mẹ́wàá ni tiwọn. Mo bu kóńgò kan sórí síkéèlì tuntun tí ọkọ mi rà l'Adó: kílò kan ààbọ̀. Mẹ́wàá, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Níbo ni mo ti ṣì í? Ìgbà tí mo lọ wo ààrò ló da tirẹ̀ sí i. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wọn òmíràn, ó tún dé: "Ùyàwó, fúláwà yìí pọ̀ jù." Báwo ló ṣe mọ̀? Mo kàn rí i tí igi gbéra...

N ó tún un wọ̀n. N ó gbé e síwájú ọkọ mi, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Mo bu ú. Orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Kílò kan ààbọ̀. Ó pé! Mo —

Ṣóńṣó.

N'Íjẹ̀ṣà-Iṣu, nídìí gàrí ìyá mi, ta ní ń wọn kóńgò tí kò ní ṣóńṣó? Ahun ni wọn ó pè ọ́. Bí a ṣe ń wọ̀n fún oníbàárà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kì í ta fúláwà. Ọ̀bẹ wọn... ẹ̀yìn ọ̀bẹ, tó ń gbá orí kóńgò lọ pẹrẹsẹ, lójú mi, lójoojúmọ́. Ọdún mélòó ni mo fi wò ó?

Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a. Kílò kan. Kílò kan péré.

Kílò márùn-ún ni mo fi lé e, n kò sì fi ẹ̀kán omi kan kún omi. Èmi. Ọwọ́ ara mi. Mo sì fi ọwọ́ kan náà la ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórí.

Ẹnìkan dúró níta, ó ń bi Ìyá Ṣọlá pé kí ló ṣe orí wọn. Ohùn wọn ti rẹ̀ gan-an.

"Mo ṣubú ni. Ùyàwó mi wà nínú ulé, ó ń gbé omi kaná fún mi."

Kò sí omi kankan lórí iná.