Idà Onígi Olúbọ̀dé

Ọláníkẹ́ wà níbi iṣẹ́, ó ń bọ́ arúgbó kan ní ilé ìtọ́jú, nígbà tí ọlọ́pàá pè é pé kó wá mú ọkọ rẹ̀ ní páàkì Eastbrookend. Wọ́n ní ó ń ju idà.

Kò yà á lẹ́nu, ó kàn sú u ni. Láti ìgbà tí Olúbọ̀dé ti pé ẹni àádọ́ta ọdún ló ti kó sínú fíìmù àtijọ́ àwọn ará Japan, ti àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní sàmúráì. Ó ní òun fẹ́ dàgbà di ọkùnrin gidi bíi tiwọn. Ọláníkẹ́ bi í pé ìgbà wo ló tún kù tó fẹ́ dàgbà.

Idà onígi ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá kìlọ̀ fún un, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Zoe, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ní òpópónà Alibon, ló pe ọlọ́pàá. Ó ń mú ajá rẹ̀ rìn nígbà tó rí ẹnì kan tó ń fò sókè sódò nínú koríko, ẹ̀rù sì bà á.

Nínú mọ́tò, Ọláníkẹ́ ní, "Bàbá Ìmísí, nínú fíìmù tí ẹ wò lánàá, kí ni ọ̀gá ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn máa ṣe?"

"Ó ní kó máa pọn omi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta. Kó tó fọwọ́ kan idà."

"Ẹ̀yin ò pọn omi kankan, idà lẹ kọ́kọ́ rà. Abọ́ tí ẹ fi jẹun ṣì wà nínú síńkì."

Nígbà tí wọ́n délé, Olúbọ̀dé ò wọlé. Ó sọdá títì, ó kan ilẹ̀kùn Zoe, ó sì tẹríba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo dẹ́rù bà yín. Mi ò ní gbé idà yẹn jáde mọ́."

Zoe béèrè ohun tó ń fi idà ṣe. Olúbọ̀dé bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ìyá náà ní ọkọ òun tó ti kú fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ gan-an, òun ò sì rẹ́ni bá òun wò ó mọ́.

Nígbà tí Ọláníkẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé, Zoe ló jókòó sórí àga tí Ọláníkẹ́ máa ń jókòó sí, òun àti Olúbọ̀dé ń wo fíìmù sàmúráì, ajá sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọláníkẹ́ mí kanlẹ̀, ó fara ti apá àga ọkọ rẹ̀, òun náà sì kọjú sí fíìmù.

"Ta ni onípárí yẹn?"

Zoe fìka sẹ́nu pé kó dákẹ́.