Lẹ́yìn Tí Ìbọn Dákẹ́

Ó tún ti dún.

Kì í ṣe ìbọn. Ìbọn ò dún mọ́, mo ti rí sí ìyẹn. Lẹ́yìn ìbọn ni. Mo yìn ín, ọta wọnú àkísà bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ìrọ̀rí, gbogbo ẹ̀yìnkùlé pa lọ́lọ́, lẹ́yìn náà... kó. Ẹyọ kan. Bí ẹni tó fi oríkèé ìka kan igi.

Mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Tí mo bá bojú wẹ̀yìn, á jẹ́ pé mo gbà pé mo gbọ́ ọ.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ gan-an? Kì í ṣe ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá bá mi. Nígbà yẹn, ariwo ni gbogbo rẹ̀, ohun kékeré ò sì ríbi fẹsẹ̀ lé nínú ariwo. Nọ́ọ̀sì tí a jọ pín ògiri ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìwòsàn, ọ̀sán ló ń sùn. Ó wá dúró lẹ́nu géètì tòun ti aṣọ àwọ̀sùn, ojú rẹ̀ wú. "Ìyá aránṣọ, ẹ dákun, ṣé ogun ti dé ẹ̀yìnkùlé yín ni, ká tètè máa di ẹrù?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí oorun ń pa ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí i.

Mo sì wá nǹkan ṣe sí i. Àbí mi ò ṣe é?

Agolo tí mo ń yìnbọn lù ni mo kọ́kọ́ kó kúrò. Agolo ló ń pariwo ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ. Ọta tó bá ti kan páànù, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Mo kan àpótí pákó, mo ki àjákù aṣọ sí i, àwọn tó ń já bọ́ sábẹ́ máṣíìnì mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí kò fi gba òmíràn mọ́. Mo lẹ bébà mọ́ ojú rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ ya òbìrí sí i. Ìyẹn gbé ìdajì ariwo mì. Ó wá ku ìbọn. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, kò lo ẹ̀tù, sípíríǹgì ló wà nínú ikùn rẹ̀, sípíríǹgì náà sì ti gbẹ, tí mo bá ti yìn ín á máa han bí ilẹ̀kùn ahoro. Ọkùnrin tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe ló tú u, tó fi gírísì tó ki sí i. Ó ní kí n yéé ra ọta fífúyẹ́, eré àsápajúdé ló ń sá, òun ló fi ń là bí pàṣán. "Èyí tó wúwo ni kí ẹ rà, màámi. Èyí tó wúwo máa ń rìn jẹ́jẹ́, kì í polongo ara rẹ̀." Mo ra èyí tó wúwo. Mo ta búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn àpótí, ìlọ́po méjì. Mo fà sẹ́yìn wọnú ilé ìkẹ́rù tó fara ti ilé, inú ibẹ̀ ni mo ti ń yìn ín báyìí, kí ìwọ̀nba ohùn tó kù lè kú sáàárín àwọn ìdì aṣọ. Aránṣọ ni mí. Mo mọ bí aṣọ ṣe ń gbé ohùn mì.

Ìbọn wá dákẹ́. Ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò ju ti ẹni tó rọra pòṣé lọ.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èkejì.

Nọ́ọ̀sì náà ni mo fura sí. Ta ni ǹ bá tún fura sí? Mo rò pé inú ṣì ń bí i, pé ó ń fi nǹkan kan ògiri láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kí n lè mọ̀ pé òun ṣì ń gbọ́. Mo gbé ìtìjú tà, mo lọ bá a, mo ní kó má bínú. Ó kàn ń wò mí ni. "Èmi kẹ̀? Ìyá aránṣọ, mo tiẹ̀ rò pé ẹ ti ta ìbọn náà ni. Mo ń sùn bí òkú báyìí, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Bí òkú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu èèyàn.

Àbí ọta ló ń là á kọjá? Mo ti wo ìyẹn náà. Mo tú àpótí palẹ̀. Ọta pé sínú rẹ̀, gbogbo wọn ti tẹ́ pẹlẹbẹ nínú àjákù aṣọ bí ìdun inú tìmùtìmù. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní ihò kankan. Mo fi ọwọ́ pa á títí, mo ń wá ihò bí ẹni tó ń wá egbò.

Ó wá ku orí mi. Èèyàn lè wà níbi tó ti ń dá gbé, kí etí rẹ̀ máa dá nǹkan sílẹ̀ fún un, kó má bàa dá wà jù. Èmi nìkan ni mo sì wà nínú ilé yìí. Èmi àti... Èmi nìkan. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú yàrá ẹ̀yìn, lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣe é kà mọ́ èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ lù ú bolẹ̀ níwájú ilé yìí, látìgbà náà kò sọ̀rọ̀, kò dìde, ojú rẹ̀ kàn là sílẹ̀ ni. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Ojú yẹn là, ṣùgbọ́n kò rí yín. Kò gbọ́ yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yín ṣòfò." Mo bi í nípa ìka ọwọ́ òsì tó máa ń mì. "Iṣan lásán ni. Adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà ń mira." Ó dá awò ojú rẹ̀ padà. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ìbọn yìí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo ń wẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn láàárọ̀, mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ, mo ń yí i kí egbò má bàa dá sí i lẹ́yìn, lẹ́yìn náà màá lọ jókòó ti máṣíìnì dìgbà tí ọrùn mi bá gan. Tí oòrùn bá wá rọlẹ̀, tí mi ò bá yin ìbọn yìí, màá kígbe. Mo mọ̀ pé màá kígbe. Ó sàn kí ìbọn bá mi ké e. Nígbà tó sì yá, mo gba igbe náà lẹ́nu ìbọn.

Jẹ́ kí n tún ọ̀kan yìn. Ọ̀kan péré, màá wọlé.

Mo ká ẹnu ìbọn wálẹ̀, mo ki ọta, mo dá a padà. Mo fi ìdí rẹ̀ ti èjìká. Òbìrí náà dúró jẹ́ẹ́. Mo mí sínú... mo yìn ín. Àárín gbùngbùn ló lọ.

Kó.

Kò jìnnà. Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì rárá. Ẹ̀yìn mi ni, lápá òsì, láti ara ilé. Ìbọn ti wúwo jù. Mo tún ki òmíràn, kì í ṣe pé mo fẹ́, ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Mo yìn ín. Ó ṣì lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpótí kọjá, ó kú sínú búláńkẹ́ẹ̀tì.

Kó... kó.

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Rárá. Etí mi ni. Ó rẹ̀ mí, mi ò jẹun ọ̀sán... Ẹ̀ẹ̀mejì ló dún. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì?

Màá mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Màá kọjú ẹnu rẹ̀ sí igun búláńkẹ́ẹ̀tì, níbi tí òmùgọ̀ pàápàá ò ní yìn ín sí. Ó yá. Ó dún bí òṣé, búláńkẹ́ẹ̀tì mì díẹ̀. Mo ń dúró. Afẹ́fẹ́ pàápàá ń dúró.

Kó, kó.

Èyí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ti sú.

Ohun yòówù kó jẹ́, ó ń wo ibi tí ọta ń bà. Ó ń wò ó. Kì í ṣe ìbọn ló ń dá lóhùn, ìbọn ò pariwo tó ohun tí a ń dá lóhùn mọ́. Ojú ló fi ń ṣe é. Ó ní ojú. Ó sì mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa...

Ẹni tó ń wo ọ̀ọ́kán, a kì í fi ọ̀rọ̀ dí i lójú.

Ta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀? Mo mọ ẹni tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń dúró sẹ́yìn mi, wọ́n á fara ti férémù ilẹ̀kùn, wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá tí mo bá ti gbé ìbọn lé èjìká. Tí mo bá bà á, wọ́n á fi oríkèé ìka kan igi lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tàsé, ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí ìyìn, kò sí èébú. Ìyàwó ilé ni mí nígbà yẹn, mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, ọkọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìbọn ṣe. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àbúrò àwọn yin ìbọn rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, ìbọn ò lè ṣòro fún un.

Mo jáde nínú ilé ìkẹ́rù. Mo yíjú.

Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n sún bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ibẹ̀. Mo rí ìrọ̀rí. Mo rí orí lórí ìrọ̀rí, ó kọjú síta, nítorí èmi ni mo yí i síta lẹ́yìn oúnjẹ. Mo rí ọwọ́ òsì lórí igi bẹ́ẹ̀dì, oríkèé ìka rẹ̀ ká mọ́lẹ̀. Kò mì. Ojú náà là sílẹ̀ bó ṣe máa ń là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sí nǹkan kan rárá, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Wọ́n.

Mo sọ "wọ́n".

Ìgbà wo ni mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó"? Ẹni tó pọ̀n mí. Ẹni tí mi ò jẹ́ jókòó níwájú rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbàyè. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, àfìgbà tí dókítà dá awò ojú rẹ̀ padà. Bí èèyàn ṣe ń sọ pé ó wà lórí àga. Ó ti bọ́ sílẹ̀. Gbé e, yí i, nù ún.

Wọ́n ti wà níbẹ̀. Láti ìgbà agolo ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìbọn wọn jáde, tí ariwo ń là, tí nọ́ọ̀sì ń di etí, wọ́n ń kan igi. Ta ló máa gbọ́ oríkèé ìka kan lábẹ́ agolo? Mo rò pé mo ń pa ariwo fún aládùúgbò kó lè sùn.

Ògiri létí, ṣebí bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. A máa ń jáde síta lọ sọ̀rọ̀ nítorí ògiri. Ọjọ́ tí àbúrò mi wá kí wọn, a ò jáde. Orí bẹ́ẹ̀dì náà gan-an ni àbúrò mi jókòó sí, nídìí ẹsẹ̀ wọn, tó ń bó ọsàn. "Ṣebí ó ti lọ. Mímí ló kù. Ẹ jẹ́ ká ti múra sílẹ̀, kó má bàa bá wa lójijì. Ẹ kúkú rán aṣọ tí a máa fi sin ín nígbà tí ọwọ́ yín ṣì dilẹ̀." Mo ní òótọ́ ni. Mo lọ mú téèpù. Ojú wọn là, mo sì tẹ̀ bò wọ́n, mo wọn èjìká, mo wọn àyà, mo gbé apá wọn sókè kí n lè rí ìhà wọ̀n, mo ń pe nọ́ńbà, àbúrò mi ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Mo rántí ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ó ti rù púpọ̀. Kí n fún aṣọ náà mọ́ra, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Àbúrò mi ní, "Ẹ fún un mọ́ra, kó lè bójú mu." Ọwọ́ wọn ń mì nígbà tí mo dá a padà sórí ibùsùn. Mo rò ó ní iṣan.

Mo sì rán an. Mo rán an dáadáa, aṣọ funfun, mo fi ọwọ́ gán etí rẹ̀. Kí eruku ṣọ́ọ̀bù má bàa bà á jẹ́... Mo kọ́ ọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn. Láàárọ̀ mo máa ń yí wọn sí ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́, sí fèrèsé.

Ìdajì ọjọ́, lójoojúmọ́.

Mo ti gbé ìbọn sílẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí. Ẹsẹ̀ mi ti gba ilé ìdáná kọjá, mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ọwọ́ mi wà lórí ọwọ́ ilẹ̀kùn, mi ò sì lè tì í. Tí mo bá tì í, aṣọ náà á mì. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé ló ń mì níwájú wọn, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú omi ìwẹ̀. Mo máa ń wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé ìkẹ́rù. Mi ò kí wọn láàárọ̀ yìí. Mi ò kí wọn láàárọ̀ kankan.

Kí ni màá wí? A ní ìkíni fún ẹni tó ń jẹun, a ní fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ní fún ẹni tó ń dirun, fún ẹni tó kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Èwo la ní fún ẹni tó wà nínú ilé wa, tí a ti ń sin díẹ̀díẹ̀? Ẹ kú ilé ò bá a mu. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́... bí ẹni pé àárọ̀ wa mọ́. Ìkíni kan ṣoṣo ló ń yọ sí mi lẹ́nu, ó sì ń tì mí lójú: ẹ kú àtijọ́. Mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ yìí. Ẹ kú àtijọ́.

Mo kúnlẹ̀ síta, lórí sìmẹ́ǹtì, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn. Mo ń wá ohùn tí màá fi sọ ọ́. Mi ò nílò kí n gbé e sókè. Wọ́n ń gbọ́.