Ooru Ló Ń Mú Tẹlifíṣọ̀n Ìyá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná. Háà! Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí mi láàárọ̀ ni, ẹ ò bá sá fún mi. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá ọkọ mi, Ìyá sì fàáké kọ́rí pé òun ò lọ, àfi tí òun bá kọ́kọ́ rí ojú ọmọ òun. Ọmọ ọ̀hún ni ọkọ mi, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun. "Bí ọwọ́ dókítà bá yẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá ń wí. "Ojú ta ni màá máa rántí?" Dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé bí a bá tún sún un síwájú, ojú yẹn lè fọ́ pátápátá.

Ìyá ò rí nǹkan kan nínú fóònù mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní pálọ̀ nìkan ló ṣì ń rí, èyí tó yọkùn sẹ́yìn, tí gílóòbù kan wà nínú rẹ̀ tó ń tan àwòrán sójú gíláàsì látẹ̀yìn. Ọkọ mi máa pè lọ́sàn-án, a ó fi okùn so fóònù mọ́ ọn, Ìyá á sì rí i. Àṣé tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀ lọ́kàn. Á tàn díẹ̀, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, iná pupa kékeré á máa ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Mo pààrọ̀ gílóòbù, kò yíwà padà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé bí túnṣetúnṣe bá ti wọlé báyìí, ara rẹ̀ á yá. Ẹni àkọ́kọ́ wò ó títí, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹnì kejì ń wò mí bí òpùrọ́. Ìyá náà ò wá gbè mí lẹ́sẹ̀: "Ìyàwó, ìwọ lo ò mọ rìmóòtù tẹ̀." Mo gbé e mì.

Láàárọ̀ yìí mo ránṣẹ́ pe Máfọwọ́kàn-án. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, torí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó bá tú sílẹ̀. Kó tó dé, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo túnṣetúnṣe: mo ká aṣọ tí a fi ń bo tẹlifíṣọ̀n, mo gbé e pa mọ́ sí yàrá. Ìyá ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ náà, òwú funfun tó ki, ó bo orí tẹlifíṣọ̀n, ó sì wọ́ dé ilẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí túnṣetúnṣe tó máa fi ọwọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kan aṣọ Ìyá.

Máfọwọ́kàn-án ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Áńkáṣíìfù ló fi di gílóòbù mú, ó ní òróró ọwọ́ èèyàn máa ń bẹ́ ẹ. Ó gbọn eruku, ó dé e padà, ó tàn án. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí.

"Àǹtí, kò sóhun tó ṣe é."

"Ẹ̀yin náà!" Omi lé sí mi lójú. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì lọ. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Ibi tó ti ń mu omi ni Ìyá ti wọlé, tó gbé aṣọ rẹ̀ lápá. "Ẹ ti parí, àbí? Ẹ jẹ́ kó wọṣọ." Ó fọwọ́ wá orí tẹlifíṣọ̀n, ó sì bò ó dáadáa.

Kò pẹ́ tí fáànù fi bẹ̀rẹ̀ ariwo. Máfọwọ́kàn-án gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ lẹ́yìn, ó sì yára fà á yọ. Ó wò mí. Mo wo òkè àjà. Ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́!

Ló bá lọ lóṣòó ti Ìyá. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Aṣọ yìí dára gan-an. Ṣùgbọ́n ooru ń mú un. Ẹ̀yìn ló fi ń mí."

Ìyá fọwọ́ pa aṣọ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni mo wá ń fún un lọ́rùn látọjọ́ yìí?"

Fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ náà kúrò. Máfọwọ́kàn-án fa tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri, ó ní ká jẹ́ kó tutù kí a tó tún tàn án. Fóònù sì ti ń dún! Mo ń gbàdúrà, mo ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Nígbà tó tàn, tí mo fi okùn so fóònù mọ́ ọn, ojú ọkọ mi kún gíláàsì. Ìyá sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ta ló gẹ irun yìí fún ọ?" ni Ìyá figbe ta. "Apá kan ga ju ìkejì lọ!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún. Ó rí i! Ìyá rí i!

"Ìyá, ẹ ó lọ lọ́la?" ni ọkọ mi bi í.

"Màá lọ. Bí mo bá dé, màá yẹ irun yẹn wò. Kí o ti tún un gẹ̀ o."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń di ẹrù ilé ìwòsàn nígbà tí Ìyá gbé aṣọ funfun náà wá. "Fi èyí sí i. Wọ́n ní òtútù wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ò nílò rẹ̀, èmi nílò rẹ̀."

Mo ń ká a lọ́wọ́, Ìyá ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó," ló wí, "o mọ rìmóòtù tẹ̀."